Ẹni tó gbin kòkó kọ́ ló ń ká a: Ọ̀rọ̀ àwọn agbábọ́ọ̀lù tó ń ti yunifásítì kan bọ́ sí òmíràn l'Amẹ́ríkà

Kò sí àgbẹ̀ kan ní Ùsò, ìlú tó wà lójú ọ̀nà Àkúrẹ́ sí Ọ̀wọ̀ nípìnlẹ̀ Oǹdó, tí kò mọ̀ pé kòkó kì í ṣe iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ kan. Ọdún mẹ́ta sí márùn-ún lèèyàn fi ń roko ìdí ẹ̀, tó ń gbin ọ̀gẹ̀dẹ̀ síbẹ̀ kó lè ṣíji bò ó, kó tó di pé ó so. Bí ẹlòmíì bá wá gbé apẹ̀rẹ̀ dé lọ́jọ́ tó so, tó ká a lọ láìsan kọ́bọ̀, olè ni wọ́n máa pe tọ̀hún. Ohun tó jọ bẹ́ẹ̀ ló ń ṣẹlẹ̀ báyìí láwọn yunifásítì ilẹ̀ Amẹ́ríkà, nídìí bọ́ọ̀lù tí wọ́n ń fọwọ́ jù sínú agbọ̀n, èyí tí tọmọdé tàgbà mọ̀ sí básíkẹ́ẹ̀tì. Òfin ibẹ̀ kò sì pè é lólè.

Ẹnì kan lè béèrè pé kí ló kan ará Ùsò nínú bọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà. Ó kàn án dáadáa. Láyé ìsinsìnyí, bí ọmọ bá ti ga débi tó ń tẹrí ba kó tó wọlé, ẹnì kan á ti sọ fún bàbá ẹ̀ pé Amẹ́ríkà ló yẹ kó lọ, pé ọ̀fẹ́ ni yóò fi kàwé, owó yóò sì máa tẹ̀lé e. Kí bàbá náà tó ta ilẹ̀ tàbí kó yáwó, ó yẹ kó mọ bí ọjà tí wọ́n fẹ́ gbé ọmọ ẹ̀ lọ ṣe rí.

Lọ́dún 1980 tí Hakeem Olajuwon, ọmọ Yorùbá tí wọ́n bí sílùú Èkó, gba Yunifásítì Houston lọ, ọjà náà kò rí báyìí. Ọdún kan gbáko ló fi kọ́ṣẹ́ láì gbá ìdíje kankan. Nígbà tó wá bọ́ sójú pápá, ọdún mẹ́ta tẹ̀lé ara wọn, 1982, 1983 àti 1984, ni ikọ̀ Houston fi wà lára mẹ́rin tó gbẹ̀yìn nínú ìdíje gbogbo yunifásítì Amẹ́ríkà. Ọdún 1984 yẹn náà ni wọ́n kọ́kọ́ mú un ṣáájú gbogbo akẹgbẹ́ ẹ̀ wọ ìdíje àwọn tó ń fi bọ́ọ̀lù jẹun, ìyẹn NBA. Ilé ẹ̀kọ́ kan ṣoṣo ló gbìn ín, ibẹ̀ náà ló ti so. Òfin ìgbà náà sì ni pé agbábọ́ọ̀lù tó bá kúrò ní yunifásítì kan lọ sí òmíràn gbọ́dọ̀ fìdí mọ́lẹ̀ fún ọdún kan kó tó tún gbá bọ́ọ̀lù.

Díẹ̀díẹ̀ ni òfin yẹn ṣe wó. Lóṣù kẹwàá ọdún 2018, àjọ NCAA tó ń darí eré ìdárayá láwọn yunifásítì náà ṣí ìwé orúkọ kan sórí kọ̀ǹpútà, níbi tí ẹni tó bá fẹ́ lọ yóò ti forúkọ sílẹ̀, káwọn yunifásítì mìíràn lè máa pè é. Lọ́dún 2021, wọ́n ní ẹni tó bá ń kúrò fún ìgbà àkọ́kọ́ kò ní láti jókòó fún ọdún kan mọ́. Lọ́dún kan náà, wọ́n gba akẹ́kọ̀ọ́ láyè láti máa fi orúkọ àti àwòrán ara ẹ̀ pawó. Nígbà tó di oṣù kẹrin ọdún 2024, òfin ti gbà pé iye ìgbà tó bá wu agbábọ́ọ̀lù ló lè lọ, bó bá ṣáà ti ń yege nínú ẹ̀kọ́ ẹ̀. Láti oṣù keje ọdún 2025, àwọn yunifásítì fúnra wọn ló ń sanwó fáwọn eléré wọn, tí ilé ẹ̀kọ́ kan lè ná tó mílíọ̀nù lọ́nà ogún ààbọ̀ dọ́là lọ́dún náà lórí gbogbo eré ìdárayá.

Àyípadà yìí ló fà á tí agbábọ́ọ̀lù kan tó ń jẹ́ orúkọ Yorùbá, Michael Ajayi, fi ti kọ́lẹ́ẹ̀jì Pierce dé Pepperdine, ó ti Pepperdine dé Gonzaga, lọ́dún 2025 ló sì tún dé Butler. Ilé ẹ̀kọ́ mẹ́rin! Bí Olajuwon bá jẹ́ igi tó dúró sójú kan, àwọn ọmọ òde òní ti di ẹyẹ.

Ṣùgbọ́n ta ló ń jèrè, ta ló sì ń pàdánù? Ẹ wo ọ̀rọ̀ Rueben Chinyelu, ọmọ Nàìjíríà. Ọdún 2023 ló dé Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Washington tó wà nílùú Pullman, ìlú kékeré kan láàárín oko àlìkámà. Ọdún yẹn dùn fún wọn, torí pé láti 2008, ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí ikọ̀ wọn yóò dé ìdíje àpapọ̀. Kò pẹ́ tí wọ́n jáde nínú ìdíje náà lọ́dún 2024 ni akọ́nimọ̀ọ́gbá wọn, Kyle Smith, gba Stanford lọ. Myles Rice gba Indiana lọ, Chinyelu náà gba Florida lọ. Lọ́jọ́ keje oṣù kẹrin ọdún 2025, Florida gba ife ẹ̀yẹ pẹ̀lú àmì ayò 65 sí 63. Houston tí Olajuwon ti gbá bọ́ọ̀lù ni wọ́n nà. Ọmọ Nàìjíríà di olúborí, orí ẹ̀ gbè é. Àmọ́ àwọn ará Pullman tó kọ́kọ́ gbà á lálejò ní Amẹ́ríkà, orí tẹlifíṣọ̀n ni wọ́n ti ń wò ó.

Bẹ́ẹ̀ náà ni ti Saint Peter's, yunifásítì kékeré kan ní Jersey City. Lóṣù kẹta ọdún 2022, wọ́n na Kentucky tó jẹ́ àgbà nídìí bọ́ọ̀lù, wọ́n sì wà lára mẹ́jọ tó gbẹ̀yìn, ohun tí ikọ̀ kankan tí wọ́n tò sí ipò kẹẹ̀ẹ́dógún bíi tiwọn kò ṣe rí. Kí inú dídùn tó rọlẹ̀, akọ́nimọ̀ọ́gbá wọn, Shaheen Holloway, ti lọ sí Seton Hall. KC Ndefo tẹ̀ lé e lọ síbẹ̀, àwọn agbábọ́ọ̀lù bíi mélòó kan sì gba ibòmíràn lọ. Lóòótọ́, wọ́n tún gbéra, wọ́n sì padà dé ìdíje náà lọ́dún 2024, ṣùgbọ́n oko tuntun ni wọ́n ní láti ṣán.

Ọ̀pọ̀ àgbàlagbà tó bá gbọ́ èyí yóò ní àwọn ọmọ ìwòyí kò mọ oore. Ìdájọ́ yẹn kò tọ́. Nígbà tí Smith àti Holloway ń lọ, ẹnikẹ́ni kò ní kí wọ́n jókòó fún ọdún kan. Bí ọ̀gá bá lè kó ẹrù ẹ̀ lọ síbi tówó ti pọ̀ jù, kí ló dé tí wọn yóò fi so ọmọ iṣẹ́ mọ́lẹ̀? Òmìnira tí wọ́n fún àwọn ọmọ yìí tọ́ sí wọn. Ibi tí ọ̀rọ̀ ti wọ́ ni pé ẹni tó tọ́ wọn kì í rí nǹkan kan gbà.

Nínú bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀, àjọ FIFA ti rí i pé èyí kò dáa. Bí kílọ́ọ̀bù kan bá ra agbábọ́ọ̀lù kí àdéhùn ẹ̀ tó parí, tó sì ti orílẹ̀-èdè kan lọ sí òmíràn, ìdá márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún owó náà ni wọ́n ń pín fáwọn kílọ́ọ̀bù tó kọ́ ọ níṣẹ́ láàárín ọmọ ọdún méjìlá sí mẹ́tàlélógún. Ìlànà yìí kò yàtọ̀ sí ohun tí Yorùbá ti mọ̀ látijọ́. Ọmọ iṣẹ́ kì í kàn ṣàdédé kúrò lọ́dọ̀ ọ̀gá. Yóò parí àdéhùn, wọn yóò ṣe òmìnira fún un, ọ̀gá yóò gba ẹ̀tọ́ ẹ̀, yóò sì gbàdúrà fún un. Bí NCAA bá lè fi irú ìlànà báyìí kún òfin ẹ̀, tí yunifásítì ńlá yóò fi máa san nǹkan fún kékeré tó mú ọmọ wá, ọmọ yóò lómìnira, ẹni tó gbìn ín náà kò ní pòfo.

Ní ti òbí tó ń ronú àtirán ọmọ lọ, ohun mẹ́ta ló yẹ kó fi sọ́kàn. Èkíní, físà akẹ́kọ̀ọ́ kò fàyè sílẹ̀ kí àlejò máa ṣiṣẹ́ owó bó ṣe wù ú, nítorí náà, owó tí ọmọ onílẹ̀ ń pa lè má tọ́wọ́ ọmọ Nàìjíríà. Èkejì, ìwé ìgbélùú ọmọ náà so mọ́ ilé ẹ̀kọ́ ẹ̀. Bó bá ń lọ sí òmíràn, ìwé náà gbọ́dọ̀ bá a lọ, bó bá sì jábọ́ láàárín méjèèjì, ó ti di ẹni tí wọ́n lè dá padà sílé. Ẹ̀kẹta, gbogbo iṣẹ́ tí ọmọ ti kọ́ ní yunifásítì kan kọ́ ni òmíràn máa ń kà sí. Ẹni tó bá ń lọ síwá sẹ́yìn lè gbá bọ́ọ̀lù fún ọdún mẹ́rin láì ní ìwé ẹ̀rí kankan lọ́wọ́.

Ilé kò gbọ́dọ̀ máa rẹ́rìn-ín òde. Gbogbo ẹni tó bá mọ ìdíje àwọn ilé ẹ̀kọ́ girama lórílẹ̀-èdè yìí mọ̀ pé olùkọ́ kan máa ń lọ yá agbábọ́ọ̀lù láti ibòmíràn, tí yóò wọ yúnífọ́ọ̀mù ilé ẹ̀kọ́ náà fún ọjọ́ kan. Ife ẹ̀yẹ á wọlé, àmọ́ ọmọ tó ti ń fi gbogbo ọdún sáré lórí pápá ilé ẹ̀kọ́ náà yóò wà lórí bẹ́ǹṣì. Kí ni ọmọ yẹn kọ́? Ó ti kọ́ pé kò sí èrè nínú sùúrù.

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí. Kí bàbá tó jẹ́ kí ọmọ ẹ̀ tẹ̀ lé ẹnikẹ́ni torí bọ́ọ̀lù, kó kọ́kọ́ béèrè ọdún tí ọmọ náà yóò gba ìwé ẹ̀rí, àti ẹni tí yóò dúró tì í bí orúnkún ẹ̀ bá yẹ̀. Ẹni tí kò bá lè dáhùn ìbéèrè méjèèjì yìí, ìkórè nìkan ló bá wá, kò bá ti oko wá.