Asínjẹ Yàtọ̀ sí Olè

Nígbà tí àwa akẹ́kọ̀ọ́jáde àti àwọn òbí péjọ ní Ìlerò nítorí ètò àjọ̀dún yìí, àríyànjiyàn kan bẹ́ sílẹ̀ tí kò sí lára ohun tí a torí rẹ̀ péjọ. Àwọn ọmọ kan ń gbá bọ́ọ̀lù lórí fóònù, irú géèmù tí àwa máa ń sanwó kí a tó lè gbá ní ṣọ́ọ̀bù nígbà tiwa. Òbí kan fi ìbínú gba fóònù ọmọ rẹ̀, ó ní olè ni gbogbo wọn. A kò gbà bẹ́ẹ̀. A kò sì sọ pé ọwọ́ wọn mọ́ pátápátá.

Ohun méjì ni ó wà lórí fóònù náà. Èkíní ni PPSSPP, irú ètò tí wọ́n ń pè ní emulator, tí ó ń sín PSP jẹ, ìyẹn ẹ̀rọ géèmù tí Sony gbé jáde ní 2004. Henrik Rydgård ni ó bẹ̀rẹ̀ ètò yìí, ó sì gbé e síta ní 2012. Ọ̀fẹ́ ni, kò sì sí géèmù kankan nínú rẹ̀. Èkejì ni ẹ̀dà géèmù náà fúnra rẹ̀, tí àwọn ọmọ fà wálẹ̀ láti orí íntánẹ́ẹ̀tì láìsan kọ́bọ̀.

Ọ̀rọ̀ asínjẹ ti dé kóòtù rí. Sony pe ilé-iṣẹ́ Connectix lẹ́jọ́ ní Amẹ́ríkà ní 1999, nítorí ètò tí ó mú kí géèmù PlayStation ṣiṣẹ́ lórí kọ̀ǹpútà Macintosh. Ní 2000, ilé-ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn gbè sẹ́yìn Connectix: títú iṣẹ́ ẹ̀rọ palẹ̀ láti mọ bí ó ti ń ṣiṣẹ́, kí ènìyàn lè fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe irú rẹ̀, kò lòdì sí òfin. Ẹjọ́ Yuzu ní 2024 yàtọ̀. Ẹ̀rọ Switch ti Nintendo ni Yuzu ń sín jẹ, ẹ̀sùn tí Nintendo sì fi kàn án ni pé ó ń já àgádágodo tí wọ́n fi sára géèmù. Àwọn oní-Yuzu gbà láti san mílíọ̀nù 2.4 dọ́là. Ní oṣù Karùn-ún ọdún kan náà, ìwé Nintendo mú kí wọ́n yọ ẹ̀dà Yuzu 8,535 kúrò lórí GitHub, níbi tí àwọn tí ń kọ ètò kọ̀ǹpútà ń kó iṣẹ́ wọn sí.

Òfin Ẹ̀tọ́ Àdàkọ ti Nàìjíríà, tí Ààrẹ Buhari buwọ́ lù ní oṣù Kẹta ọdún 2023, kórìíra jíjá àgádágodo pẹ̀lú. Ó fún oníṣẹ́ láyè láti kọ̀wé pé kí wọ́n yọ ẹ̀dà iṣẹ́ rẹ̀ kúrò. Ṣùgbọ́n wọn yóò kọ́kọ́ sọ fún ẹni tí ó gbé e síbẹ̀, yóò sì ní ọjọ́ 10 láti ṣàlàyé ara rẹ̀. Òfin Amẹ́ríkà ti 1998 ń jẹ́ kí wọ́n yọ ọ́ ná, kí olúwa rẹ̀ tó fèsì. Tiwa dára jù lójú wa. Agbẹ́jọ́ẹnìkandá, àgbà òṣìkà ni.

Ní ti ẹ̀dà géèmù, a kò ní àwáwí fún àwọn ọmọ. Kúnlé Afọláyan kọ́ abúlé sí Ìgbójàyè, nínú Òkè-Ògùn wa níhìn-ín, ó sì ya fíìmù Aníkúlápó níbẹ̀. Ta ni nínú wa tí inú rẹ̀ yóò dùn bí wọ́n bá ń pín irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ kiri lọ́fẹ̀ẹ́? Àmọ́ àwa náà jẹ̀bi. Ìwé Fágúnwà ni a ṣe fọtokópì rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin nígbà ìdánwò. Bàbá náà kú ní 1963, ẹ̀tọ́ orí ìwé rẹ̀ sì wà títí di ìparí 2033. Kò sí ẹni tí ó pè wá ní olè.

Ohun kan le nínú òfin náà: ó ti pẹ́ tí Sony ti ṣíwọ́ ṣíṣe PSP, síbẹ̀ ẹ̀tọ́ orí géèmù rẹ̀ kò tíì kú.

Ohun tí a ń bẹ̀bẹ̀ fún ni pé kí àwọn ọmọ nu géèmù tí wọn kò rà, kí a sì fi asínjẹ sílẹ̀ fún wọn. Gbangba ni wọ́n kọ ọ́ sí. Ọmọ tí ó bá fẹ́ mọ bí ẹ̀rọ ti ń ṣiṣẹ́ lè kà á ní yàrá kọ̀ǹpútà ilé-ìwé wa. Ọmọ ọjọ́ náà ṣì ń dúró de fóònù rẹ̀.