Ìràwọ̀ Mẹ́ta Lára Èsì Àyẹ̀wò Bàbá

Ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́bọ̀ kan ni ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ya fọ́tò ìwé kan, ó jù ú sórí wáàsáàpù ẹbí wa. Èsì àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ Bàbá ni, ẹni ọdún 77. Nǹkan bí ogún ìlà ló wà níbẹ̀, mẹ́ta nínú wọn sì ní ìràwọ̀ kékeré lẹ́gbẹ̀ẹ́. Kí ilẹ̀ tó ṣú tán, àbúrò wa tó wà ní Manchester ti bi Google léèrè, ó ní potásíọ̀mù 5.9 yẹn, kíndìnrín Bàbá ló fẹ́ daṣẹ́ sílẹ̀. Ìyàwó ilé kan rí ibi tí wọ́n kọ Widal sí, ó ní táífọ́ọ̀dù ti wọ ẹ̀jẹ̀. Ẹnì kan ti ń dúnàádúrà àgbo tó ń fọ kíndìnrín. Bàbá tí à ń tìtorí ẹ̀ sáré jókòó sórí àga rẹ̀, ó ń fi gbẹ̀gìrì jẹ àmàlà. Ó ní kò sóhun tó ń ṣe òun ju orúnkún àtọdúnmọ́dún lọ, àfi pé ó kàn ń rẹ òun díẹ̀ lẹ́nu ọjọ́ mẹ́ta yìí.

Mo mọ̀ pé kì í ṣe ẹbí tiwa nìkan. Lóde òní, èèyàn lè yà sí láàbù ẹ̀bá títì, kó sanwó, kó gba ìwé, láìjẹ́ pé dókítà kankan rán an níṣẹ́. Ìwé á dé, ẹni tí yóò kà á kò ní sí.

Kí ni ìràwọ̀ yẹn ń wí gan-an? Kò wí pé àìsàn wà. Ó ní iye yìí bọ́ sóde ààlà ni. Bí wọ́n sì ṣe ń pa ààlà náà ni pé wọ́n á kó ọ̀pọ̀ èèyàn tára wọn le jọ, wọ́n á wọn nǹkan ọ̀hún nínú ẹ̀jẹ̀ wọn, wọ́n á wá mú 95 tó wà láàárín nínú ọgọ́rùn-ún. Àwọn márùn-ún tó kù ńkọ́? Ara tiwọn náà le, ààlà ló já wọn sílẹ̀. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé bí ẹ bá wọn ogún nǹkan lára ẹnì kan ṣoṣo, kò yẹ kó yà yín lẹ́nu bí ọ̀kan bá gba ìràwọ̀ láìsí àìsàn kankan.

Ti àgbàlagbà tún wá yàtọ̀. Ìràwọ̀ kìíní Bàbá wà níwájú ESR, ìyẹn bí sẹ́ẹ̀lì pupa ṣe ń yára rọ̀ sísàlẹ̀ ìgò, 34. Láàbù kọ ọ́ síbẹ̀ pé kò yẹ kó ju 15 lọ. Ṣùgbọ́n bí ọjọ́ orí ṣe ń gòkè ni ESR náà ń gòkè. Ìṣirò kan táwọn dókítà máa ń lò ni kí wọ́n pín ọjọ́ orí ọkùnrin sí méjì. Tobìnrin, wọ́n á kọ́kọ́ fi mẹ́wàá kún un. Ìdajì 77 lé ní 38. Ìràwọ̀ kan wọ̀ọ̀kùn nìyẹn.

Potásíọ̀mù ni ìkejì, èyí kò sì ṣeé fọwọ́ yẹpẹrẹ mú, torí tó bá ga lóòótọ́, ó lè da bí ọkàn ṣe ń lù rú. Inú sẹ́ẹ̀lì ni potásíọ̀mù pọ̀ sí jù, kì í ṣe inú omi ẹ̀jẹ̀. Bí wọ́n bá so rọ́bà mọ́ apá pinpin, tí wọ́n ní kí arúgbó máa di ẹ̀ṣẹ́ kó máa tú u, tí abẹ́rẹ́ bá fọ́ àwọn sẹ́ẹ̀lì, tàbí tí ìgò ẹ̀jẹ̀ bá pẹ́ lórí ọ̀kadà kó tó dé láàbù, tinú á dà síta, ẹ̀rọ á sì kà á mọ́ Bàbá lọ́rùn. Wọ́n gbọ́dọ̀ tún ẹ̀jẹ̀ gbà kíákíá ni, kì í ṣe kí wọ́n ra àgbo. Wọ́n tún ti Bàbá gbà nílé ìwòsàn láàárọ̀ ọjọ́ kejì, 4.6 ló jáde. (Kí n sòótọ́, ó yẹ ká ti gbé e lọ lálẹ́ ọjọ́ yẹn dípò ká máa bára wa jiyàn lórí fóònù.)

Kí n tó dé orí ìràwọ̀ kẹta, ẹ jẹ́ kí n dúró díẹ̀ lórí Widal, torí owó tó ti gbà lọ́wọ́ àwọn èèyàn wa kì í ṣe kékeré. Ọdún 1896 ni Fernand Widal, dókítà ará Faransé, gbé àyẹ̀wò náà jáde. Kì í wá kòkòrò táífọ́ọ̀dù fúnra rẹ̀. Àwọn ọmọ ogun tí ara rán jáde láti bá kòkòrò jà ló ń wá, àwọn ọmọ ogun náà kì í sì í tètè padà sílé. Táífọ́ọ̀dù èṣí, abẹ́rẹ́ àjẹsára, kòkòrò mìíràn tó jọ ọ́, kódà ibà lásán lè gbé nọ́ńbà Widal sókè. Nílẹ̀ tiwa tí táífọ́ọ̀dù kò ṣàjèjì sí, Widal ẹ̀ẹ̀kan lára ẹni tí ara rẹ̀ kò gbóná kì í ṣe ẹ̀rí tó lè mú kí wọ́n gún un lábẹ́rẹ́. Àyẹ̀wò tí wọ́n ti ń gbin ẹ̀jẹ̀ kí kòkòrò lè hù ló ṣeé gbára lé. Bákan náà ni kòkòrò tí wọ́n bá rí nínú ìtọ̀ àgbàlagbà: bí ìtọ̀ kò bá ta á, tí ibà kò sí, ó wọ́pọ̀, ọ̀pọ̀ ìgbà ni kò sì yẹ kí wọ́n fún un ní oògùn apakòkòrò kankan.

Ìràwọ̀ kẹta ni gbogbo wa fò dá. PCV, ìyẹn ìdá sẹ́ẹ̀lì pupa nínú ẹ̀jẹ̀, 31. Ta ni ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ń pé lẹ́ni ọdún 77? Dókítà ilé ìwòsàn ọ̀hún ní ọjọ́ orí kì í mu ẹ̀jẹ̀, nǹkan ló ń mu ún. Ó wá béèrè ohun tí kò sí lọ́kàn ẹnikẹ́ni wa: mélòó ló wà tẹ́lẹ̀? A tú ilé, a rí ìwé ọdún méjì sẹ́yìn láàárín fọ́tò ìgbéyàwó. 40 ló wà níbẹ̀. Ìwé tuntun nìkan ìbá wí pé ẹ̀jẹ̀ kò tó díẹ̀. Ìwé méjì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn ní ẹ̀jẹ̀ ń dín kù, bóyá ó ń jò.

Ó tún béèrè oògùn. Ibẹ̀ ni àṣírí ti tú pé ó ti lé lọ́dún kan tí Bàbá ti ń ra diclofenac, oògùn ìrora, ní kẹ́míìsì láràárọ̀ fún orúnkún. Irú oògùn bẹ́ẹ̀ lè dá egbò sínú àgbà, kí egbò náà máa ṣẹ̀jẹ̀ díẹ̀díẹ̀ sínú ìgbẹ́ láìsí ìrora. Ó tún lè pa kíndìnrín lára. Bí kì í bá sì ṣe egbò, jẹjẹrẹ inú ìfun lè wà nídìí ẹ̀. Ẹ má kàn ra oògùn ẹ̀jẹ̀ fún arúgbó láìwá ibi tí ẹ̀jẹ̀ ń gbà lọ.

Ìwé tí kò ní ìràwọ̀ náà lè tanni jẹ. Kíríátínì (creatinine) ni wọ́n fi ń wo kíndìnrín, ara iṣan ló sì ti ń wá. Àgbà tí iṣan rẹ̀ ti gbẹ kì í pèsè rẹ̀ púpọ̀ mọ́, torí náà kíndìnrín rẹ̀ lè ti ń rẹ̀ kí nọ́ńbà ṣì wà láàárín ààlà. Ẹ béèrè eGFR, èyí tó ń ka ọjọ́ orí mọ́ ìṣirò. Bó bá wà lábẹ́ 60, wọ́n á tún un ṣe. Ó di ìgbà tó bá wà bẹ́ẹ̀ fún oṣù mẹ́ta kí wọ́n tó lè pè é ní àìsàn kíndìnrín ọlọ́jọ́ pípẹ́.

Iyọ̀ inú ẹ̀jẹ̀ tún ńkọ́? Oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru tó ń mú kéèyàn máa tọ̀ lè já a wálẹ̀ lára àgbà, á wá máa ṣubú, á máa sọ ìsọkúsọ. Mo ti rí ilé tí wọ́n ti ń gbààwẹ̀ ọjọ́ méje lórí irú ìyá bẹ́ẹ̀, oògùn náà sì wà lórí tábìlì tó ń lò ó lọ.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà lókè òkun, ẹ ṣọ́ ìwọ̀n tí wọ́n kọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ nọ́ńbà. Ṣúgà 7 tí wọ́n kọ mmol/L sí ní Britain àti 126 tí wọ́n kọ mg/dL sí ní Amẹ́ríkà, ọ̀kan náà ni. Fítámínì irun àti èékánná tẹ́ ẹ ń fi ránṣẹ́ sí Màmá náà, biotin inú wọn lè ba àyẹ̀wò tàíróìdì jẹ́. Àjọ FDA ti Amẹ́ríkà kìlọ̀ nípa rẹ̀ lọ́dún 2017.

Ọjọ́ tẹ́ ẹ bá ń mú àgbà lọ sọ́dọ̀ dókítà, ẹ kó gbogbo oògùn rẹ̀ sínú ọ̀rá, títí kan àgúnmu tó fi pamọ́ sábẹ́ ìrọ̀rí. Bí ìgbẹ́ bá dúdú bí ọ̀dà títì, tí àyà ń dùn ún, tí kò lè mí dáadáa tàbí tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ ṣàdédé dàrú, ẹ má dúró ya fọ́tò kankan, ẹ gbé e lọ sílé ìwòsàn.

Ní ti Bàbá, wọ́n fi ẹ̀rọ wo inú rẹ̀, egbò ni wọ́n bá níbẹ̀. Lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, PCV rẹ̀ di 38. Ẹ̀gbọ́n mi ti ra fáìlì aláwọ̀ ewé tó ń to gbogbo ìwé sí, èyí tó pẹ́ jù nísàlẹ̀. Bàbá ṣì ń bínú nítorí diclofenac rẹ̀.