Orúkọ Ara Sọ̀wédowó Kò Sọ Ogún Di Tìrẹ

Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́hun, Ọba tí Ó fúnra Rẹ̀ pín ogún, tí kò fi í sílẹ̀ fún ìfẹ́ inú olórí ẹbí. Kí ìkẹ́ àti ìgẹ̀ Rẹ̀ máa bá Ànábì Muhammad (SAW), àwọn ará ilé rẹ̀ àti àwọn sàábé rẹ̀.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ Mùsùlùmí, ẹ jẹ́ kí a bá ara wa sọ òótọ́ ọ̀rọ̀. A ń kìlọ̀ nípa èlé báńkì ní gbogbo ọjọ́ Jímọ̀. Ó dára bẹ́ẹ̀, nítorí èèwọ̀ ni èlé. Ṣùgbọ́n owó mìíràn ń ti báńkì kan náà wọ àpò wa, tí kò ní èlé nínú, síbẹ̀ tí ó jẹ́ iná: owó ogún tí a kọ orúkọ ẹnìkan ṣoṣo sí sọ̀wédowó rẹ̀, tí onítọ̀hún sì dá nìkan jẹ.

Bí ó ti máa ń rí nìyí. Bàbá kú, ó fi ilé, opó àti àwọn ọmọ sílẹ̀. Ẹbí kò pín nǹkan kan. Wọ́n ní: "Kí ìyá máa gbé inú ilé títí ọjọ́ ikú rẹ̀, kí dáwódù máa gba owó ilé." Nígbà tí ó yá, ìjọba la títì gba ibẹ̀, wọ́n wó ilé náà, wọ́n sì kọ sọ̀wédowó owó gbà-máà-bínú ní orúkọ dáwódù. Ta ni yóò rántí opó àti àwọn ọmọbìnrin mọ́?

Àwọn kan á ní báńkì ló jẹ̀bi. Rárá o. Báńkì kì í ṣe adájọ́. Orúkọ ara sọ̀wédowó ni ó ń wò, kò mọ iye ajogún. Bí ó bá jẹ́ orúkọ òkú ni ó wà níbẹ̀, kò yẹ kí ó san án sínú àkáǹtì ọmọ. Ìwé àṣẹ ìṣàkóso ogún láti ilé-ẹjọ́ gíga ìpínlẹ̀ ni yóò béèrè. Ẹni tí ó gba ìwé náà, alámòójútó ni, kì í ṣe olówó. Bẹ́ẹ̀ náà ni ẹni tí òkú kọ orúkọ rẹ̀ sí fọ́ọ̀mù báńkì bí ìbátan tí ó súnmọ́ ọn jù: fọ́ọ̀mù yẹn kò sọ ọ́ di ajogún.

Àwọn mìíràn á ní àṣà Yorùbá ni. Lóòótọ́, ní 1957, nínú ẹjọ́ Suberu àti Sunmonu, ilé-ẹjọ́ àpapọ̀ sọ pé lábẹ́ àṣà Yorùbá, ìyàwó kì í jogún ọkọ rẹ̀. Ẹ wo orúkọ wọ̀nyẹn! Orúkọ tí àwa Mùsùlùmí ń jẹ́ ni, àṣà ni a sì fi ṣe ìdájọ́.

Àlùkùránì kò sọ bẹ́ẹ̀. Lẹ́yìn gbèsè àti àsọtẹ́lẹ̀ òkú, Súrà Nisáì, áyà 12, fún opó ní ìdá kan nínú mẹ́rin bí ọkọ kò bá fi ọmọ sílẹ̀, ìdá kan nínú mẹ́jọ bí ó bá fi ọmọ sílẹ̀. Bí opó bá ju ẹyọ kan lọ, wọn yóò jọ pín in. Ìpín ni, kì í ṣe ààyè ìgbé lásán. Ó lè tà á, ó lè fi ṣe sàráà, àwọn ọmọ rẹ̀ yóò sì jogún rẹ̀.

Ẹ má sì fi ‘umrā bo èyí mọ́lẹ̀. Ẹ̀bùn alààyè ni ‘umrā: "Mo fún ọ ní ilé yìí títí ọjọ́ ayé rẹ." Imam Mālik, tí ọ̀pọ̀ àáfà wa ń tẹ̀lé, ní lílò rẹ̀ nìkan ni ó fún un; nítorí náà, owó ayálégbé jẹ́ tirẹ̀, iye owó ilé fúnra rẹ̀ kò jẹ́ tirẹ̀. Àwọn onímọ̀ mìíràn, nípa hádíìsì Jābir, ní ilé ti di tirẹ̀ pátápátá. Èyí ó wù kí a mú, ẹni tí ó ni nǹkan ló ń fi í tọrẹ. Ẹbí kò ní àṣẹ láti fi ohun ajogún ta ẹnikẹ́ni lọ́rẹ.

Kí ni kí a ṣe? Kí a san gbèsè òkú, kí àsọtẹ́lẹ̀ má kọjá ìdá kan nínú mẹ́ta, kí a sì pín ogún kíákíá. Kí ènìyàn bíi méjì gba ìwé àṣẹ, kí àkáǹtì jẹ́ ti ogún, kí gbogbo sọ̀wédowó gba ibẹ̀ kọjá. Kí a kọ ọ́ sílẹ̀, kí a sì pe ẹlẹ́rìí, nítorí áyà 6 pa á láṣẹ nígbà tí a bá ń dá ohun ìní ọmọ òrukàn padà. Áyà 10 sì ti kìlọ̀ pé iná ni ẹni tí ó jẹ ẹ́ ní ìjẹkújẹ ń kó sí ikùn.

Dáwódù, báńkì lè san án fún ọ. Bí Ọlọ́hun bá bi ọ́ léèrè, orúkọ ara ìwé kò ní gbà ọ́. Kí Ọlọ́hun fi wá mọ̀nà. Àmín.