Ẹgbẹ́ Àwọn Tó Ń Fa Aáṣáà: Ta Ni Wọ́n Fẹ́ Dáàbò Bò?

Ní àwọn abúlé Bavaria, ní gúúsù ilẹ̀ Jámánì, wọ́n ń fi aáṣáà ṣe ẹgbẹ́. Àwọn tó ń fà á símú ń pàdé, wọ́n sì máa ń díje. Wọn a wọn aáṣáà gíráàmù 5 fún olùdíje kọ̀ọ̀kan, wọn a fún un ní ìṣẹ́jú kan péré, ẹni tí tirẹ̀ bá wọ imú jù ló gbégbá orókè. Èyí tó bá fọ́n sí ètè àti àgbọ̀n kò sí nínú ìṣirò. (Ta ló sọ imú di àrọ?) Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, iléeṣẹ́ Wilsons of Sharrow ní Sheffield ka ọdún 1737 sí ìbẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni àpótí aáṣáà ọ̀fẹ́ wà lọ́wọ́ aṣọ́nà Ilé Aṣòfin ní London fún aṣòfin tó bá fẹ́ fà, nítorí pé ó ti lé ní ọ̀ọ́dúnrún ọdún tí wọ́n ti ka èéfín tábà léèwọ̀ nínú ìyẹ̀wù náà. Láàárín irú àwọn olólùfẹ́ báyìí ni ìpè ti ń jáde pé kí gbogbo afaáṣáà parapọ̀, kí wọ́n polongo rẹ̀, kí wọ́n sì dáàbò bò ó, kí òfin sìgá má baà gbá a lọ. Ẹ̀tọ́ wọn ni láti parapọ̀, n kò bá wọn jà sí i. Ohun tí mo ń jiyàn lé ni pé iṣẹ́ méjì tí kò bára mu ni ìpolongo àti ààbò, àti pé ẹgbẹ́ tó bá fẹ́ dáàbò bo ẹni tó ń fa aáṣáà gbọ́dọ̀ gbé ìpolongo jù sílẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ fún wọn ní ohun tó tọ́ sí wọn. Ọ̀pọ̀ òfin tábà ni wọ́n fojú sìgá ṣe. Àdéhùn àgbáyé lórí ìdíwọ́ tábà, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 2005, kó èyí tí a ń mu, èyí tí a ń lá, èyí tí a ń jẹ lẹ́nu àti èyí tí a ń fà símú pọ̀ sínú ìtumọ̀ kan ṣoṣo. Òfin tábà tí Nàìjíríà ṣe ní 2015 ka títa sìgá ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan léèwọ̀, ó sì pàṣẹ pé tábà tí kò léèéfín kò gbọ́dọ̀ wà nínú ìdì tó kéré sí gíráàmù 30. A mọ ohun tí wọ́n ń lé: wọn kò fẹ́ kí ọmọdé rí i rà pẹ̀lú owó kékeré, ìyẹn sì dára. Ṣùgbọ́n ẹ wo bí wọ́n ṣe ń ta aáṣáà lọ́jà wa. Inú àwo ló wà, ṣíbí ni wọ́n fi ń bù ú, inú bébà tàbí ọ̀rá ni wọ́n ń pọ́n ọn sí, ìwọ̀nba tí ìyá àgbà yóò lò fún ọjọ́ kan tàbí méjì. Kí onítọ̀hún tó lè pa òfin náà mọ́, àfi kó di dandan fún un láti ra èyí tó pọ̀ ju èyí tó fẹ́ lò lọ. Ta ló lọ sọ èyí fún àwọn aṣòfin? Iléeṣẹ́ sìgá tó wà ní Ìbàdàn ní agbẹjọ́rò. Obìnrin tó ń lọ ewé tábà lẹ́yìnkùlé kò ní ẹnì kankan. Àdéhùn àgbáyé yẹn kan náà sọ pé kí ìjọba ran àgbẹ̀ tábà, òṣìṣẹ́ rẹ̀ àti àwọn ẹni kọ̀ọ̀kan tó ń tà á lọ́wọ́ láti rí iṣẹ́ mìíràn ṣe. Ẹgbẹ́ tó bá lè rán ìjọba létí ìlérí yẹn ní iṣẹ́ gidi lọ́wọ́.

Èyí tó lágbára jù nínú ọ̀rọ̀ àwọn olólùfẹ́ aáṣáà ni pé kò ní èéfín. Òótọ́ ni. Ohun tó ń jóná nínú sìgá ló ń ba ẹ̀dọ̀fóró àti ọkàn jẹ́ jù, òun náà ló sì ń kan ẹni tó jókòó tì amusìgá. Ìdí nìyẹn tí òfin tí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fi lé amusìgá jáde kúrò nínú ilé-ọtí ní oṣù keje 2007 kò fi kan ẹni tó ń fa tirẹ̀ símú. Ní 1980, Michael Russell àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní London kọ ọ́ sínú ìwé ìṣègùn The Lancet pé níkòtíìnì inú aáṣáà máa ń yára dé inú ẹ̀jẹ̀ bíi ti sìgá, wọ́n sì bi ara wọn bóyá ó lè jẹ́ ọ̀nà àbáyọ fún ẹni tí sìgá ti dè mọ́lẹ̀. Àwọn tó ń polongo aáṣáà fẹ́ràn ìwé yìí, ṣùgbọ́n ìdajì rẹ̀ ni wọ́n ń kà. Amusìgá ni Russell àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ń wí, pé kó kúrò nínú èyí tó burú jù bọ́ sí èyí tó sàn díẹ̀. Wọn kò sọ̀rọ̀ nípa ọ̀dọ́ tí kò fẹnu kan tábà rí. Ohun tó ń yára wọ inú ẹ̀jẹ̀ bẹ́ẹ̀ náà ló ń yára sọ ara di ẹrú, kò sì sí ìpolongo kan tó lè yan amusìgá nìkan láàárín àwọn tó ń gbọ́ ọ.

Nípa àrùn jẹjẹrẹ, ó yẹ ká fara balẹ̀. Láti 1761 ni oníṣègùn kan ní London, John Hill, ti kìlọ̀ nípa kókó tó ń hù nínú imú àwọn tó ń fa aáṣáà ní àfajù. Ní 2007, àjọ ìwádìí jẹjẹrẹ tó wà lábẹ́ Àjọ Ìlera Àgbáyé tẹ ìdájọ́ rẹ̀ jáde pé tábà tí kò léèéfín ń fa jẹjẹrẹ fún ènìyàn, ti ẹnu ní pàtàkì. Òótọ́ ni pé ọ̀dọ̀ àwọn tó ń fi í sẹ́nu ni ẹ̀rí ti pọ̀ jù, pé ti imú kò tó bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá fi èyí gbèjà ara rẹ̀ ní Bavaria lè rí ibi dúró sí. Ṣùgbọ́n nílẹ̀ wa, àwo kan náà ni ẹni tó ń fà á símú àti ẹni tó ń fi í há ẹ̀rẹ̀kẹ́ ti ń rà á, ọ̀pọ̀ ló sì ń ṣe méjèèjì.

Ibi tí ọ̀rọ̀ wà gan-an ni pé orúkọ kan ni aáṣáà, ohun inú rẹ̀ kì í ṣe ọ̀kan. Àwọn tó ń lọ̀ ọ́ níbí máa ń po kán-ún mọ́ ewé tábà. Kì í ṣe kó lè ta imú nìkan. Kán-ún ló ń tú níkòtíìnì sílẹ̀ kó lè tètè gba ara wọlé, nítorí náà ọwọ́ ẹni tó ń pò ó ni agbára rẹ̀ wà: bó bá fọwọ́ wúwo, ẹni tó rà á á gba ìwọ̀n tí kò béèrè fún. Ọ̀jọ̀gbọ́n Olalekan Ayo-Yusuf ti ṣe ìwádìí lórí èyí nínú aáṣáà tí wọ́n ń tà ní Gúúsù Áfíríkà, ó fi hàn bí níkòtíìnì tó lè gba ara wọlé ṣe ń yàtọ̀ láti ìdì kan sí èkejì. Ní Sudan, toombak, tí wọ́n ń po tábà rẹ̀ mọ́ irú kán-ún kan, wà lára àwọn tábà tí wọ́n bá èròjà nitrosamine tó ń fa jẹjẹrẹ nínú wọn lọ́pọ̀ jù lọ láyé. Ẹ wá fi èyí wé Swídìn. Snus tiwọn, tí wọ́n ń fi sí abẹ́ ètè, wà lábẹ́ òfin oúnjẹ fún ọ̀pọ̀ ọdún, wọ́n ń mú un gbóná kí kòkòrò inú rẹ̀ lè kú, wọ́n sì ń wọn èròjà nitrosamine rẹ̀. Nígbà tí ẹnì kan bá wá sọ pé "aáṣáà kò burú tó sìgá", aáṣáà ta ni? Ẹni tó ń polongo kò lè béèrè ìbéèrè yẹn tọkàntọkàn, nítorí ìdáhùn rẹ̀ lè ba ọjà jẹ́. Ẹni tó ń dáàbò bo afaáṣáà kò gbọ́dọ̀ béèrè ohun mìíràn ṣáájú rẹ̀.

Àwọn kan yóò ní àṣà ìbílẹ̀ ni, kí ọlọ́fin fi í sílẹ̀. Tábà kì í ṣe ewéko ilẹ̀ yìí. Ọ̀nà tó gbà dé ọ̀dọ̀ wa kò sì ṣeé fi yangàn: ewé tí kò dára tó fún ọjà Lisbon ni àwọn ará Bàhíà ní Bràsíìlì ń fi oyin ìrèké pa, tí wọ́n ń ká bí okùn, tí wọ́n sì ń kó wá sí Ouidah, Àjàṣẹ́ àti Èkó láti fi ra ènìyàn. N kò fi èyí bú ẹni tó ń fà á lónìí. Ohun tó ti pẹ́ tó báyìí lọ́wọ́ ẹni ti di tẹni, kò sì yẹ kí ọlọ́pàá máa lé ìyá àgbà kiri nítorí rẹ̀. Ṣùgbọ́n pípẹ́ kì í wẹ èròjà kúrò nínú ewé.

Ẹ̀hónú tó le jù wá láti ọ̀dọ̀ àwọn tó ń gbógun ti tábà: pé irú ẹgbẹ́ báyìí kò ní pẹ́ di ẹnu iléeṣẹ́. Ẹ̀rí wà lọ́wọ́ wọn. FOREST, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1979 láti gbèjà amusìgá, kò fi í pamọ́ pé owó iléeṣẹ́ tábà ni òun ń ná. National Smokers Alliance ní Amẹ́ríkà ní 1993, owó iléeṣẹ́ sìgá Philip Morris ló fi dìde. Ẹni tó lẹrú ló lẹrù. Síbẹ̀, ìdáhùn sí èyí kì í ṣe pé kí àwọn tó ń fa aáṣáà má sọ̀rọ̀. Ìwádìí orílẹ̀-èdè tí wọ́n ṣe ní Nàìjíríà ní 2012 fi hàn pé nǹkan bí ìdá 1.9 nínú ọgọ́rùn-ún àgbàlagbà ló ń lo tábà tí kò léèéfín, ìyẹn ju mílíọ̀nù kan ààbọ̀ ènìyàn. Ènìyàn tó pọ̀ tó yẹn kò yẹ kó jẹ́ pé àwọn tó ń tà fún wọn àti àwọn tó ń fòfin dè wọ́n nìkan ni yóò máa gbẹnu sọ fún wọn. Kí owó ẹgbẹ́ ti àpò ọmọ ẹgbẹ́ wá, kí a má gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ iléeṣẹ́, kí a sì ka ìwé owó ní gbangba. Ó ṣe tán, òfin 2015 ti ka ìpolówó tábà léèwọ̀ ní Nàìjíríà, nítorí náà ẹgbẹ́ tó bá fi ìpolongo ṣe iṣẹ́ rẹ̀ á kàn máa wá ẹjọ́ ni.

Bí irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀ bá dìde ní Ìbàdàn tàbí Èkó, iṣẹ́ àkọ́kọ́ rẹ̀ ti hàn. Kí ó lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń ta aáṣáà ní Bódìjà, ní Ọjà Ọba, ní Mushin, kí ó ra ṣíbí kọ̀ọ̀kan, kí ó kọ orúkọ ọjà àti ọjọ́ sí ara ọ̀rá rẹ̀, kí ó sì gbé gbogbo rẹ̀ lọ sí yunifásítì tó lè wọn kán-ún, níkòtíìnì àti nitrosamine. Èsì tó bá mú bọ̀, kí ó kà á sétí àwọn ọmọ ẹgbẹ́ àti àwọn tó ń tà á ní èdè tí wọ́n gbọ́, ìbáà korò. Ẹni tó bá gbọ́ ọ tó fẹ́ jáwọ́, kí ẹgbẹ́ bá a wá dókítà. Ìdíje bíi ti Bavaria lè dúró ná.