Ọkùnrin tí wọ́n pariwo orúkọ ẹ̀ n'Ìbàdàn

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń kọjá níwájú pápá ìṣeré Liberty n'Ìbàdàn, èyí tí wọ́n ti wá fi orúkọ Awólọ́wọ̀ pè báyìí, ṣé ẹ mọ̀ pé ibẹ̀ làwọn èèyàn dúdú ti kọ́kọ́ wo ìjà bẹ́líìtì àgbáyé nílẹ̀ ara wọn? Ọjọ́ kẹwàá, oṣù kẹjọ, ọdún 1963 ni. (Ẹ má bá mi jà o, àwọn òyìnbó South Africa ti ń ṣe tiwọn láti 1950, àwa ò bá wọn dé'bẹ̀.)

Dick Tiger tiwa ló fẹ́ kojú Gene Fullmer, òyìnbó Amẹ́ríkà. Tiger ti gba bẹ́líìtì lọ́wọ́ ẹ̀ ní San Francisco lọ́dún 1962, nígbà tí wọ́n sì tún pàdé ní Las Vegas, ọ̀mì ni wọ́n ta. Kò sí ọ̀mì n'Ìbàdàn. Nígbà tí ráùndì keje parí, Fullmer jókòó sórí àga ẹ̀, kò sì dìde wá ja ìkẹjọ. Kò tún kan ẹ̀ṣẹ́ mọ́ láyé ẹ̀.

Richard Ihetu ni wọ́n sọ Tiger, ọmọ Ìbò ni, ará Amaigbo. Ìgò òfìfo ló ń tà l'Aba kó tó dèèyàn. Nígbà tó dé England lọ́dún 1955, ìjà mẹ́rin tó kọ́kọ́ jà níbẹ̀, wọ́n nà án nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ọkùnrin náà ò sá wálé. Nígbà tó yá, Ọbabìnrin wọn fún un lóyè MBE.

Àfi bí ogun abẹ́lé ṣe dé lọ́dún 1967. Tiger tò sẹ́yìn Biafra, ó tiẹ̀ wọṣẹ́ ológun wọn. Bẹ́ẹ̀, ọdún mẹ́rin péré ló fi jìnnà sí alẹ́ táwọn ará Ìbàdàn pariwo orúkọ ẹ̀.

Ibi tọ́rọ̀ ti jọ mí lójú rèé. Lóṣù kọkànlá, 1969, John Lennon, olórin Beatles, dá MBE tiẹ̀ padà fún Ọbabìnrin. Ó ka ìdí mẹ́ta: ọwọ́ tí England ní nínú ogun Nàìjíríà àti Biafra, ogun Vietnam, àti pé àwo orin ẹ̀ tuntun ò tà dáadáa mọ́! Kò pẹ́ síyẹn ni Tiger náà dá tiẹ̀ padà. Òun ò dárúkọ àwo orin kankan. Àwọn èèyàn ẹ̀ tó ń kú ló ń dùn ún.

Ogun parí lóṣù kìíní, 1970. Owó ti tán lọ́wọ́ ọba akànṣẹ́, ló bá gba iṣẹ́ ọlọ́dẹ ní Metropolitan Museum, ilé ńlá tí wọ́n ń kó iṣẹ́ ọnà sí ní New York. Mélòó nínú àwọn tó ń gba ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ kọjá ló mọ ẹni tó dúró síbẹ̀ yẹn? Ibẹ̀ ló wà tí àwọn dókítà fi sọ fún un pé àrùn jẹjẹrẹ ti mú un lẹ́dọ̀. Ìjọba Nàìjíríà gbà kó wálé. Ọjọ́ kẹrìnlá, oṣù kejìlá, 1971, ló kú l'Aba, ẹni ọdún 42.

Lọ́dún 1991, wọ́n kọ orúkọ ẹ̀ sínú ìwé àwọn akànṣẹ́ ńláńlá ní Canastota, l'Amẹ́ríkà. Ọdún kan náà ni wọ́n kọ ti Fullmer. Fullmer ṣì wà láyé nígbà yẹn, ọdún 2015 ló tó kú.