Bí Fláàṣì Bá Kọ̀ Tí Kò Gba Nǹkan Mọ́

Ohun kan wà tí kò tóbi ju ìka ọwọ́ lọ, tí a sì ń kó àwòrán ìsọmọlórúkọ, ìgbéyàwó àti ìsìnkú àgbà sí: èyíinì ni fláàṣì. Bí ẹ bá kì í bọ kọ̀ǹpútà, tí àwòrán àtijọ́ hàn kedere ṣùgbọ́n tí kò gba tuntun, ẹ má ṣe sáré gbé e lọ sọ́dọ̀ ọmọ tí ń tún fóònù ṣe. Èmi ṣe bẹ́ẹ̀ rí. Kí n tó jókòó tán, ọmọ náà ti fọ́máàtì rẹ̀, ó ní ó ti dára. Lóòótọ́ ó dára. Ó ti ṣófo. Àwòrán ìsìnkú ìyá mi ló bá a lọ. Mẹ́ta péré ni mo tún rí, lórí fóònù àna mi. N kò lè bá ọmọ náà wí, nítorí n kò sọ ohun tó wà níbẹ̀ fún un.

Nítorí náà, kí ẹ tó tún ohunkóhun ṣe, ẹ kọ́kọ́ da gbogbo ohun inú rẹ̀ sórí kọ̀ǹpútà. Fláàṣì tí kò gbà mọ́ ṣì lè máa fún ni. Òmíràn wà tó jẹ́ pé bí ó bá ti gbó ni ó máa ń ti ara rẹ̀ pa, kí èyí tó wà níbẹ̀ má baà bàjẹ́. Irú èyí kò gbóògùn. Tuntun ni kí ẹ rà.

Bí ó bá jẹ́ mẹ́mọ́rì káàdì ńlá, irú èyí tí kámẹ́rà ń lò, ẹ wo ẹ̀gbẹ́ òsì rẹ̀. Ẹ ó rí ohun kékeré kan tí ń yọ̀ lọ yọ̀ bọ̀. Bí ó bá wà nísàlẹ̀, ó ti tì pa nìyẹn. Ẹ tì í sókè.

Ẹ wò ó bóyá ó ti kún. Bí àyè bá pọ̀, tí fídíò gígùn kan ṣoṣo kò sì wọlé, ó lè jẹ́ pé FAT32 ni wọ́n fi tò ó. Èyí kì í gba fáìlì ẹyọ kan tó bá tó 4 GB, bí àyè ibẹ̀ tilẹ̀ jẹ́ 32 GB. exFAT a máa gbà á.

Bí Windows bá sọ pé àṣìṣe wà nínú rẹ̀, ẹ fi bọ́tìnnì ọ̀tún máòsì tẹ orúkọ fláàṣì, ẹ yan Properties, lẹ́yìn náà Tools, kí ẹ sì tẹ Check. Fífa fláàṣì yọ nígbà tí ó ṣì ń gba nǹkan lọ́wọ́ a máa fa irú àṣìṣe yìí. Ẹ yan Eject ná. Fọ́máàtì ni kí ó kẹ́yìn, lẹ́yìn tí ẹ bá ti ṣí ẹ̀dà yín lọ́kọ̀ọ̀kan, tí ẹ sì fi ojú ara yín rí i pé ó pé.