Kí A Tó Tú Gómìnà

Kì í ṣe gómìnà ìpínlẹ̀ ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ lónìí. Gómìnà tí mo ní lọ́kàn kò tóbi ju ìkúùkù méjì lọ. Ẹ̀yìn pọ́ǹpù epo inú mọ́tò dísù ló ń gbé, kò sì sẹ́ni tó dìbò yàn án. Àmọ́ bí a ṣe ń ṣe sí i ní ṣọ́ọ̀bù mẹkáníìkì jọ bí a ṣe ń ṣe sí ọ̀pọ̀ nǹkan mìíràn lórílẹ̀-èdè yìí: a kì í béèrè ìdí tí wọ́n fi gbé nǹkan síbi tó wà kí a tó yọ ọ́ kúrò.

Ẹ jẹ́ kí n sọ èrò mi láti ìbẹ̀rẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ tú gómìnà mọ́tò dísù àtijọ́, kí ó kọ́kọ́ mọ iṣẹ́ tí gómìnà náà ń ṣe, kí ó sì ní ohun tí yóò fi wọn epo tó ń jáde. Bí kò bá ní méjèèjì, kí ó fi í sílẹ̀. Owó mi ni mo fi kọ́ ẹ̀kọ́ yìí, ó sì kù díẹ̀ kó jẹ́ ẹ̀mí ọmọ ọlọ́mọ.

Jos ni wọ́n bí mi sí. Iṣẹ́ olùkọ́ ló gbé bàbá mi kúrò ní Ògbómọ̀ṣọ́ débẹ̀, kò sì padà sílé títí ó fi di olóògbé. Lára ohun tó fi sílẹ̀ fún wa ni Mercedes-Benz 190D kan tí wọ́n ṣe ní 1987, tó rà ní tòkunbọ̀. Ẹ́ńjìnì rẹ̀ kò ju lítà méjì lọ, agbára rẹ̀ kò ju ti ẹṣin 72 lọ, kò sì ní tọ́bò. Abuja lèmi ń gbé báyìí, tí mo ń fi ìwé kíkọ jẹun. Ìyá mi ṣì wà ní Jos, àbúrò mi ọkùnrin ló sì máa ń wa mọ́tò náà wá gbé mi.

Ẹni tó bá mọ ọ̀nà yẹn mọ̀ pé lẹ́yìn Keffi àti Akwanga, Hawan Kibo ni mọ́tò ti ń jẹ́wọ́ ohun tó wà nínú rẹ̀. Òkè tó le ni. Lọ́jọ́ kan ní 2023, bí a ti ń gun òkè náà, tírélà tó ru sìmẹ́ǹtì ló yà wá sílẹ̀. Àwọn ọmọkùnrin tó jókòó lórí ẹrù rẹ̀ juwọ́ sí wa.

“Àǹtí mi, ẹ ò rí i bí?” ni àbúrò mi wí. “A ó tú gómìnà rẹ̀ ni. Wọ́n ní bí wọ́n bá ti tú u, yóò máa fò.”

Mo ní ìwé-ẹ̀rí másítà. Mo lè fi odindi ọjọ́ kan yẹ gbólóhùn kan ṣoṣo wò kí n tó fi í ránṣẹ́ sí olóòtú. Síbẹ̀ n kò bi àbúrò mi ní ìbéèrè kankan. Iye tí wọn yóò gbà nìkan ni mo béèrè.

Kí wá ni gómìnà yìí ń ṣe gan-an? Nínú mọ́tò tó ń lo bẹntiróò, atẹ́gùn ni ẹsẹ̀ wa ń ṣílẹ̀kùn fún. Bí ìlẹ̀kùn bá ṣí díẹ̀, díẹ̀ náà ni agbára ẹ́ńjìnì yóò mọ. Mọ́tò dísù kò rí bẹ́ẹ̀. Atẹ́gùn ń wọ inú rẹ̀ fàlàlà, epo ni a ń fi òṣùwọ̀n bù fún un. Kò sì ní púlọ́ọ̀gì tí ń ṣáná sí epo. Ẹ́ńjìnì yóò fún atẹ́gùn pọ̀ títí atẹ́gùn náà yóò fi gbóná, ooru yẹn ló sì ń mú epo gbiná. Nítorí náà, bí epo bá ń wọlé ṣáá tí kò sí ẹrù lórí ẹ́ńjìnì, eré rẹ̀ yóò máa pọ̀ sí i títí nǹkan yóò fi já nínú rẹ̀. Gómìnà ni kì í jẹ́ kó rí bẹ́ẹ̀.

Irin méjì tó wúwo díẹ̀ wà nínú gómìnà, tí wọ́n ń yí bí pọ́ǹpù bá ṣe ń yí. Bí eré bá ti ń pọ̀ sí i ni wọ́n á máa sá kúrò láàárín, bí ẹ̀wù eégún ṣe ń fẹ̀ nígbà tí eégún bá ń pòyì. Sípíríǹgì kan ń tì wọ́n padà. Ìjàkadì irin àti sípíríǹgì yìí ló ń sún ọ̀pá tí ń pín epo síwá sẹ́yìn. Ọgbọ́n náà ti pẹ́. James Watt fi irú rẹ̀ sára ẹ́ńjìnì olóoru ní 1788. Ní 1868, James Clerk Maxwell, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ará Scotland, kọ odindi àpilẹ̀kọ lórí ohun tó ń mú kí gómìnà kan dúró jẹ́ẹ́ kí òmíràn sì máa gbọ̀n. Ilé-iṣẹ́ Bosch ní Jámánì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe pọ́ǹpù dísù lọ́pọ̀ yanturu ní 1927. Ẹni tó bá sì ti jókòó ti jẹnẹrétọ̀ kékeré kan rí, tí iná rẹ̀ ń lọ sókè tó ń bọ̀ sílẹ̀ tó ń jó gílóòbù, ti fojú rí ohun tí Maxwell ń wádìí.

Irú gómìnà tó wà nínú mọ́tò bàbá mi, ibi méjì péré ló ti ń dá sí ọ̀rọ̀. Ó ń dá sí i nígbà tí awakọ̀ kò bá tẹ nǹkan kan, kí ẹ́ńjìnì má baà kú. Ó tún ń dá sí i nígbà tí ẹ́ńjìnì bá fẹ́ kọjá nǹkan bí ìyípo 5,000 ní ìṣẹ́jú kan. Láàárín méjèèjì, ẹsẹ̀ awakọ̀ ló láṣẹ. Bí àwọn gómìnà wa yòókù bá lè kọ́ ìwà yìí, ẹnu kì bá tí máa kùn wọ́n.

Ohun méjì ni àwọn èèyàn ń pè ní títú gómìnà, wọn kò sì jọra. Èkíní ni kí a fún sípíríǹgì rẹ̀ le sí i, kí ó má tètè gé epo, kí ẹ́ńjìnì lè sáré kọjá ààlà tí àwọn tó ṣe é fún un. Èkejì ni kí a yí sukurúù tí ń pààlà fún epo, kí pọ́ǹpù lè máa bu púpọ̀ sí i nígbà tí a bá tẹ pẹ́dà mọ́lẹ̀. Mọ́tò tí ń gun òkè kò nílò èkíní rárá. Lórí Hawan Kibo, ẹ́ńjìnì wa kò sún mọ́ 5,000, ńṣe ni eré rẹ̀ ń rẹlẹ̀ sí i. Èkejì lè ṣèrànwọ́ bí atẹ́gùn tí yóò jó epo náà bá wà. Bí kò bá sí, èéfín dúdú àti ooru ni epo náà yóò dà.

Jos sì ga ju òkun lọ ní nǹkan bíi mítà 1,200. Atẹ́gùn ibẹ̀ fi nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́wàá fúyẹ́ ju ti etí òkun lọ. Bosch mọ irú èyí. Wọ́n ṣe agolo kékeré kan fún àwọn kan lára pọ́ǹpù wọn, tó ń mọ̀ bí atẹ́gùn bá ti ń fúyẹ́, tó sì ń dín epo kù bí mọ́tò bá ṣe ń lọ sí orí òkè. Ẹ gbọ́ ọ o: àwọn tó ṣe pọ́ǹpù ń dín epo kù lórí òkè. Àwa ń fi kún un.

Ṣọ́ọ̀bù tí a gbé mọ́tò lọ ní Jos kò ní ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń dán pọ́ǹpù wò. Etí àti ọwọ́ ni ọ̀gá ibẹ̀ ń lò, n kò sì ní fi í ṣe yẹ̀yẹ́, nítorí etí rẹ̀ mú. “Màdáámù, ẹ fọkàn balẹ̀,” ló wí fún mi. Ó já òjé tí wọ́n fi sàmì pé kí ẹnikẹ́ni má ṣí ibẹ̀. Ó fún sípíríǹgì, ó yí sukurúù, ó dá ohun gbogbo padà, ó sì ní kí àbúrò mi ṣáná sí i.

Ẹ́ńjìnì náà gbà lẹ́ẹ̀kan náà, ó sì ń lọ sókè. Kò dúró. Ariwo rẹ̀ kúrò ní ti mọ́tò, ó di igbe. Àbúrò mi yí kọ́kọ́rọ́ padà, kò kú, nítorí wọ́n ti gbàgbé láti dá rọ́bà tí kọ́kọ́rọ́ fi ń pa pọ́ǹpù padà sáyè rẹ̀. Ọ̀pá tí ń pín epo sì ti há síbi tó ti ń dà á jù. Èéfín dúdú bo ìyá mi mọ́lẹ̀ níbi tó jókòó sí lórí bẹ́ǹṣì lẹ́yìn mọ́tò. Àwa yòókù sá. Ọmọ iṣẹ́ kan, tí n kò rò pé ó tó ọdún mẹ́rìndínlógún, ló sáré wọ inú ariwo náà, tó na ọwọ́ sábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì, tó sì fa irin kékeré kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ pọ́ǹpù. Ẹ́ńjìnì kú.

Ká ní nǹkan ti já nínú ẹ́ńjìnì yẹn, ara ọmọ ọlọ́mọ ni ì bá bá. Owó tèmi ló sì rán an síbẹ̀.

Mo béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ lẹ́yìn náà bó ṣe mọ irin náà. Ó ní kò sẹ́ni tó kọ́ òun. Ọjọ́ kan tí ọ̀gá kò sí nítòsí lòun fa á wò, tí òun rí i pé mọ́tò kú.

Oṣù kan lẹ́yìn ìyẹn, a fa mọ́tò náà lọ sọ́dọ̀ ẹni tó ní ẹ̀rọ ìdánwò ní òdìkejì ìlú. Ó yọ pọ́ǹpù, ó gbé e sórí ẹ̀rọ, ó sì da epo ẹnu mẹ́rẹ̀ẹ̀rin rẹ̀ sínú ìgò gígùn mẹ́rin tó ní àmì ìwọ̀n. Kò sí méjì tó dọ́gba. Ó tún un ṣe dé ìwọ̀n tí ìwé sọ, ó dá a padà sínú mọ́tò. Lẹ́yìn náà ló wá bi wá ní ohun tó yẹ kí a ti bi ara wa. Ìgbà wo la pààrọ̀ fílítà gbẹ̀yìn? Àbúrò mi wojú mi. Èmi náà wojú rẹ̀. Fílítà atẹ́gùn ti kún fún eruku ọyẹ́. Ọkùnrin náà ní kí àbúrò mi tẹ pẹ́dà mọ́lẹ̀ pátápátá, ó sì fi hàn mí pé apá pọ́ǹpù kò dé òpin ìrìn rẹ̀. Àwọn rọ́bà kéékèèké tó so irin pẹ́dà mọ́ra ti jẹ tán. Bóyá láti ayé bàbá mi ni mọ́tò náà kò ti rí epo tó tọ́ sí i gbà mọ́. A ń ṣe bí ẹni pé gómìnà ló fi ebi pa á, nígbà tó jẹ́ pé oúnjẹ kò tíì dé iwájú rẹ̀. Owó rọ́bà àti fílítà kò tó ìdá mẹ́rin owó tí a fi tú gómìnà.

Mo mọ èsì tí àwọn kan yóò fún mi. Wọ́n á ní àwọn olólùfẹ́ mọ́tò àtijọ́ ní Yúróòpù àti Amẹ́ríkà ń tú gómìnà. Òótọ́ ni. Àwọn tó mọ̀ ọ́n ṣe nínú wọn ń fi tọ́bò kún un kí atẹ́gùn lè tó epo, wọ́n ń wọn ooru èéfín tó ń jáde, wọ́n sì mọ bí wọn yóò ṣe pa ẹ́ńjìnì bí ọ̀rọ̀ bá bẹ́yìn yọ. Bí a óò bá yá àṣà wọn, ẹ jẹ́ ká yá a tán. Àwọn mìíràn á ní awakọ̀ tí ń fi mọ́tò dísù wá oúnjẹ òòjọ́ kò lówó ẹ̀rọ ìdánwò. Òun gan-an ni mò ń tìtorí rẹ̀ sọ̀rọ̀, nítorí bí ẹ́ńjìnì rẹ̀ bá jó, kò ní mọ́tò kejì.

N kò kọ èyí láti bú àwọn mẹkáníìkì wa. Àwọn ló ń mú kí mọ́tò tó ti lé ní ọgbọ̀n ọdún máa rìn lójú ọ̀nà wa. Ohun tó ń dùn mí ni pé a fi ọgbọ́n orí wọn sílẹ̀ láìfún un ní irinṣẹ́. Ẹgbẹ́ mẹkáníìkì lè dáwó ra ẹ̀rọ ìdánwò kan ṣoṣo fún àgbègbè kan, kí gbogbo ṣọ́ọ̀bù máa gbé pọ́ǹpù wá síbẹ̀. Ilé-ẹ̀kọ́ ìmọ̀ iṣẹ́ ọwọ́ lè gba àwọn ọmọ iṣẹ́ ní ọjọ́ kan lọ́sẹ̀. Àwa tí a ń kọ̀wé náà kò lè ka ara wa kún aláìmọwọ́-mẹsẹ̀. Èdè Jámánì àti Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi kọ àwọn ìwé Bosch tí mo rí kà lórí pọ́ǹpù yìí. Èdè Hausa ni ọmọ tó pa ẹ́ńjìnì yẹn ń sọ. Ìwé tẹ́ẹ́rẹ́ kan ní Hausa, ní Yorùbá, ní Igbo, pẹ̀lú àwòrán, ì bá ti sọ fún un ohun tó jẹ́ pé ìjámọ́ra ló fi mọ̀.

Èéfín náà ń kọ́? Ní 2012, àjọ tí ń ṣèwádìí àrùn jẹjẹrẹ lábẹ́ Àjọ Ìlera Àgbáyé kéde pé èéfín dísù ń fa jẹjẹrẹ. Ẹni tó bá fi epo kún ẹ́ńjìnì tí kò ní atẹ́gùn tó, èéfín ló ń ṣe, ọmọ iṣẹ́ tó dúró lẹ́yìn mọ́tò láti wò ó bóyá ó ti mọ́ ló sì kọ́kọ́ ń fà á símú.

Nísinsìnyí mọ́tò bàbá mi ń gun Hawan Kibo. Kì í fò. Tírélà ṣì lè yà wá sílẹ̀ bí ẹrù rẹ̀ bá fúyẹ́. Ṣùgbọ́n èéfín rẹ̀ kò dúdú mọ́, ó sì ń dé Jos.

Bí ẹ bá ní mọ́tò dísù àtijọ́, ẹ ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì rẹ̀ lónìí, kí ẹ ní kí mẹkáníìkì yín fi irin tí wọ́n fi ń pa á hàn yín. Ẹ béèrè pẹ̀lú ibi tí atẹ́gùn ń gbà wọlé, nítorí bí irin yẹn bá kọ̀, pákó pẹlẹbẹ tí a fi bo ibẹ̀ lè pa ẹ́ńjìnì. Ẹ má ṣe fi ọwọ́ bò ó. Mo ti fi méjèèjì han ìyá mi. Òun, tí kò wa mọ́tò rí láyé rẹ̀, ti mọ ohun tí èmi kò mọ̀ lọ́jọ́ tí mo sanwó kí wọ́n tú gómìnà.